Wọ́n ń fòòró ọmọ mi nílé-ìwé, kò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ dákun

Ìyá Oníláfún
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tákíè ni mò ń gbé, láfún ni mò ń tà lọ́jà Wázò. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, wà ní JSS 3 nílé-ìwé kan nínú ìlú yìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti wọlé táàmù yìí, tó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú á máa run ún, orí á máa fọ́ ọ. Tó bá di Sátidé, ara ẹ̀ á yá gágá. Ní kẹ́mísì, wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn ibà tì. Àbúrò ẹ̀ obìnrin ló wá tú àṣírí: àwọn ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wọn ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń sín in jẹ torí pé ó máa ń kólòlò, wọ́n sì ti fi fóònù ká a níbi tó ti ń sunkún, wọ́n gbé fídíò yẹn sórí ẹgbẹ́ WhatsApp wọn. Bàbá ẹ̀ ní kó lọ bá wọn jà. Tí èmi bá bi í, á ní, "Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì." Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú irú èyí?

Bàbá Mẹ́káníìkì
Èmi fara mọ́ bàbá ẹ̀ o. Láyé tiwa, ẹni tó bá gbá ẹ létí, ìwọ náà gbá a padà, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ ti kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Oníláfún, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Bàbá lóhùn ná.

Bàbá, ìjà ọmọdé yàtọ̀ sí ohun tí ìyá yìí ń sọ. Dan Olweus, ọmọ Sweden tó ṣiṣẹ́ ìwádìí ẹ̀ ní Norway, ló là á yé ayé bí a ṣe ń dá ìfòòró mọ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, wọ́n ń ṣe é léraléra, agbára ẹni tó ń ṣe é sì ju ti ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí lọ. Agbára yẹn lè jẹ́ ti apá, ó lè jẹ́ ti pé wọ́n pọ̀ jù ú lọ, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí fídíò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tí ọmọ kan bá dojú kọ agbo èèyàn, wọ́n á lù ú bolẹ̀. Tó bá sì jàjà borí ẹnì kan nínú wọn, òun ni tíṣà máa bá lórí ẹ̀, òun ni wọ́n máa lé wá sílé. Èyí tó wá burú jù ni pé ohun tí ọmọ ń gbọ́ nígbà tí a bá ní kó lọ jà ni pé, "Ẹrù ẹ nìyẹn, ìwọ nìkan ni o máa rù ú."

Ní Norway níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin 3 pa ara wọn níparí ọdún 1982 tí wọ́n sì rí i pé ó jọ pé ìfòòró ló fà á, ìjọba gbé ètò kan dìde ní gbogbo ilé-ìwé orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1983. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíkẹ́ jù.

Ó wá kan ẹ̀yin ìyá. Inú tó ń run ọmọ yìí, òótọ́ ni. Bí èèyàn bá ń retí ewu, ara á múra sílẹ̀ fún un: àyà á máa lù kìkì, inú á máa lọ́, oorun á sá. Ara ọmọ yín ti mọ ọjọ́ Ajé. Ẹ má pè é ní òpùrọ́, ẹ má sì tún máa fún un ní oògùn ibà láìyẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ iṣẹ́ á wọ̀n ọ́n, torí owó oúnjẹ tí wọ́n ń gbà lè ti mú kó rù. Á wo ara ẹ̀ bóyá ojú ọgbẹ́ wà níbi tí aṣọ ń bò. Á bèèrè oorun, á bèèrè bóyá ó tún ti ń tọ̀ sílé.

Àti pé kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Hildegard Peplau, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ìmọ̀ ẹ̀ jáde lọ́dún 1952, sọ pé àjọṣe tó wà láàárín nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń tọ́jú, ìtọ́jú fúnra ẹ̀ nìyẹn. Ó ní àlejò ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ jẹ́ lójú aláìsàn, kó sì hùwà bí àlejò: kó bọ̀wọ̀ fún un, kó gbà á bó ṣe bá a, kó má fipá wọlé. Ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àlejò lẹ̀yin náà jẹ́ sí ọmọ yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n látinú oyún, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bá a dé ibi tó ti ń dùn ún.

Torí náà, ẹ má jókòó kò ó lójú bí ọlọ́pàá. Ẹ jọ ṣe iṣẹ́ kan tí ojú ò ti ní máa ko ojú, ẹ jọ máa di láfún sínú ọ̀rá. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀, ẹ má bèèrè: "Mo ti gbọ́ nípa fídíò yẹn. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. Mi ò ní lọ ilé-ìwé yín láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ." Kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa nira fún yín, mo mọ ìyá Yorùbá. Ẹ fara dà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under-G
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì fòòró èmi náà nígbà tí mo wà ní bọ́dìǹ. Ní síkì-bèè nìkan ni mo ti ń rí ìsinmi. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ rí i pé gbogbo ìgbà tí sìníọ̀ kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni orí máa ń fọ́ mi. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní, "Àga yẹn ń dúró dè ẹ́," ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ohun tí Peplau sọ yẹn gan-an ló ṣe, mi ò kàn mọ̀ nígbà yẹn ni.

Ìyá, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé òun nìkan kọ́. UNESCO sọ lọ́dún 2019 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ilé-ìwé 1 nínú 3 lágbàáyé tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí láàárín oṣù kan péré.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ Betty Neuman, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà míì, ní kíláàsì (ìdánwò ẹ̀ le, ẹ bá mi gbàdúrà). Lóòótọ́ ló wúlò níbí: ó ní èèyàn ní ohun tó ń dáàbò bò ó, tí wàhálà ń ya lù, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì wà ní ìpele 3: kí wàhálà tó wọlé, nígbà tó bá wọlé, àti nígbà tí ara bá ń padà bọ̀ sípò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, àárín yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n bá tiẹ̀ mọ ọ́n. Wọ́n na àwọn tó ṣe é, ó tán. Ọmọ tó fara gbá a, kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè mọ́.

Tíṣà Ìjẹ̀rù
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé-ìwé.

Ìyá Oníláfún, ẹ má lọ fi ìbínú wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ kọ lẹ́tà. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà 2, kí wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń sọnù lọ́fíìsì, lẹ́tà kì í tètè sọnù. Ní ti fídíò yẹn, ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tó ti hàn pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti fi bẹ̀bẹ̀, àní sí ẹ̀gbọ́n yín pàápàá. Gbogbo ẹni tó bá tún wò ó, ó tún dójú ti ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ bèèrè ohun tó ṣeé fojú rí: ta ni yóò máa wà lẹ́yìn kíláàsì nígbà ìsinmi ọ̀sán? Ta ni yóò máa wà nítòsí ilé ìyàgbẹ́? Ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe níwájú pátákó.

Tí wọ́n bá ní kí ọmọ yín àtàwọn yẹn jókòó pọ̀ kí wọ́n bọra wọn lọ́wọ́, ẹ kọ̀. Ìlàjà wà fún àwọn tí agbára wọn dọ́gba. Á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lójú tíṣà, wọ́n á sì gbẹ̀san lẹ́yìn odi.

Tí ilé-ìwé bá ń fi falẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé wà. Ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe é, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Abala 11 ti ìjọba àpapọ̀ ní ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ jìyà lára tàbí lọ́kàn. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa pè yín kíá.

Màmá Àdúrà
Mo ka gbogbo ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀tá lè wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ọmọ náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n mú un wá síwájú ìjọ, kó jẹ́wọ́ ohun tó ń rí lójú oorun.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Màmá, èmi náà ń gbàdúrà, ọpẹ́lọpẹ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a tún febi pa. Ọmọ tí wọ́n ti dójú tì lójú gbogbo kíláàsì, ẹ má mú un dúró síwájú ìjọ. Ẹ bá a gbàdúrà nínú yàrá, kí ẹ dì í mọ́ra, kí ẹ fún un ní oúnjẹ.

Ìyá Oníláfún
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà lórí ayélujára báyìí? A jọ di láfún bí ẹ ṣe sọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní ó sàn kí òun má sí láyé. Ara mi ń gbọ̀n. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Mo wà níbí. Ẹ mí kanlẹ̀ ná. Sísọ tó sọ ọ́ fún yín, ohun rere ni.

Ẹ padà lọ bá a báyìí, kí ẹ bi í tààrà: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara ẹ? Ṣé o ti ro bí o ṣe máa ṣe é? Ṣé o ti gbìyànjú ẹ̀ rí?" Ẹ má bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn á kó èrò sí i lórí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtura ló máa ń jẹ́ fún ọmọ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ kó má sá. Ẹ má ké, ẹ má ní "Ọlọ́run májẹ̀ẹ́" kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ lálẹ́ yìí. Ọ̀tápiapia, oògùn kòkòrò, oògùn eku, gbogbo oògùn inú ilé, abẹ, okùn: ẹ kó wọn jáde kúrò nílé, ẹ má kàn fi wọ́n pamọ́. Lálẹ́ yìí náà, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì. Ilé-ìwòsàn olùkọ́ni Bowen wà, ti LAUTECH náà wà, èyí tó bá súnmọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ má sọ pé inú ló ń run ún. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá torí òfin tó ka gbígbìyànjú ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó sọ èrò ọkàn ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ò rú òfin kankan.

Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Bàbá Mẹ́káníìkì
Ìyá, mo ní mọ́tò. Tí ẹ ò bá rí ohun tí ẹ máa wọ̀ lálẹ́ yìí, ẹ sọ fún Nọ́ọ̀sì kó fún mi ní àdírẹ́sì. Mo wà ní Sábó, kò jìnnà.

Ìyá Oníláfún
Ọlọ́run á bùkún fún yín, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé wa lọ. A ti dé. Wọ́n gbà wá dáadáa. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan bá a sọ̀rọ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ ikú. Ta ni ẹ jọ ń gbélé, kí lo fẹ́ràn nílé-ìwé, kí lo máa ń ṣe tọ́wọ́ ẹ bá dilẹ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibẹ̀. Ó tún ní kí n jáde díẹ̀, ó dùn mí, àmọ́ mo jáde. Kò tíì gbìyànjú nǹkan kan. Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ tí a máa padà lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
A dúpẹ́. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn, ilé, ẹ̀kọ́, eré, kí a tó dé ibi tó le. A sì ń jẹ́ kí òbí jáde torí ohun tí ọmọ ò lè sọ lójú ìyá ẹ̀ pọ̀. Kí ìyá tó jáde ni a ti máa ń ṣàlàyé fún ọmọ pé ohun tó bá sọ á wà láàárín wa, àyàfi tó bá fẹ́ ṣe ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe, tàbí tí ẹnì kan bá ń ṣe é léṣe. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ààlà yẹn ṣáájú.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ni pé lílé àwọn tó ń fòòró ọmọ dànù ò tíì wo ọmọ sàn. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yìí ju owó oúnjẹ lọ: wọ́n gba àṣẹ lórí ara ẹ̀. Wọ́n ń pinnu ìgbà tó máa jẹun, ibi tó máa jókòó, ẹni tó máa rí ẹkún ẹ̀. Tí àwa àgbà bá tún wá gba gbogbo ìpinnu ṣe fún un, ká pààrọ̀ ilé-ìwé ẹ̀ láìbi í, ká gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ká bá gbogbo ẹbí sọ ọ́, àwa náà ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ohun tí Peplau tò kalẹ̀ nìyẹn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ á mọ̀ yín, á sì mọ ohun tó ń ṣe òun. Lẹ́yìn náà, á rí i pé ẹni tó lè ran òun lọ́wọ́ wà, á máa rọ̀ mọ́ yín. Ẹ gbà á láyè, á tiẹ̀ lè máa ṣe bí ọmọ kékeré. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí ẹ fún un fúnra ẹ̀, á máa bèèrè, á máa yàn, nígbà míì á máa ta kò yín. Inú òbí kì í dùn síbẹ̀, inú tiwa máa ń dùn. Ìgbẹ̀yìn ni pé kò ní nílò yín fún ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Kì í lọ tààrà o. Tí fídíò míì bá jáde lọ́la, ó lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa fún un ní ohun kékeré tó máa pinnu lójoojúmọ́. Lẹ́tà tí Tíṣà sọ yẹn, ẹ kà á fún un kí ẹ tó fi sílẹ̀, kó yọ ohun tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Tó bá ń kólòlò, ẹ má bá a parí gbólóhùn ẹ̀, ẹ má ní kó ṣe sùúrù, ẹ kàn dúró dè é. Ọmọ ọdún 13 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, torí náà kí fóònù gbogbo ará ilé máa sùn ní pálọ̀, tiyín náà. Bí àyà ẹ̀ bá ń já lójú ọ̀nà ilé-ìwé, kó dárúkọ nǹkan 5 tó ń rí, 4 tó lè fọwọ́ kàn, 3 tó ń gbọ́, 2 tó ń gbóòórùn, 1 tó ń tọ́ wò. Ó máa ń mú ọkàn padà wá síbi tí ẹsẹ̀ wà.

Bàbá Mẹ́káníìkì
Bàbá ọmọ ńkọ́? Kí la wá ní kó ṣe? Kó jókòó?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Rárá o, Bàbá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rù jù ni pé bàbá wọn á rí wọn bí ọ̀lẹ. Kí bàbá ẹ̀ máa sìn ín dé ẹnu géètì láràárọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ọmọ bá gbà. Kó sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Mo ní kí o jà, mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà." Gbólóhùn yẹn lágbára ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Tó Wà Lókè Òkun
Ẹ mú ọmọ kúrò nílé-ìwé yẹn, ó parí. Kí la ń ṣàlàyé sí?

Tíṣà Ìjẹ̀rù
Tí ẹ̀mí ẹ̀ bá wà nínú ewu níbẹ̀, mo fara mọ́ yín. Ṣùgbọ́n fídíò ò nílò mọ́tò. Ó ti lè dé ilé-ìwé tuntun kí ọmọ tó dé ibẹ̀. Kí wọ́n pa á rẹ́ ná, kí ọmọ fúnra ẹ̀ sì sọ ohun tó fẹ́.

Ìyá Oníláfún
Mo bi í. Ó ní òun fẹ́ dúró, torí ọ̀rẹ́ òun kan wà níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọ̀rẹ́! Ìbéèrè kan ló kù: ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn, kọ́sítọ́mà mi ni lọ́jà. Ó wá ra láfún lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ má sọ ọ́ lórí àtẹ. Ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ ilé-ìwé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní Wázò, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ìlú á ti mọ orúkọ ọmọ yín. Ọmọ tó ń fòòró ẹlòmíì náà nílò àyẹ̀wò, àwọn míì nínú wọn wà tí wọ́n ń lù bí ẹni ń lu bàrà nílé. Kò yọ ọ́ nínú ìyà tó tọ́ sí i o. Ẹ ta láfún fún un ná.

Ìyá Ìbejì
Ẹ bá mi dáhùn, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Tèmi, ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún 15. Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́ tó bá ti wọlé, wọ́n á kó àga wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ó wà nínú ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọmọbìnrin, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é sí ara wọn nìyẹn, tíṣà kì í sì í tètè rí i torí kò sí ẹ̀jẹ̀. Ẹ ṣí àkòrí tiyín kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ẹ kọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, àti ẹni kan tó ṣì ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ìyá àgbà. Mo máa wọlé lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́.